Sílíǹgì tó bá ara igi mu: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fífi okùn sọ igi kalẹ̀

Igi ńlá kan ni, kò sì sí àyè tí a lè jẹ́ kó ṣubú sí. Òrùlé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ògiri wà ní ìkejì. Gbogbo ègé rẹ̀ pátá la ní láti fi okùn sọ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti yọ, igi náà fẹ̀ tó 60 sẹ̀ntímítà láti etí kan dé ìkejì. Ó ń tín-ín-rín lọ sókè títí ó fi di 30. Àwọn ẹ̀ka ti wálẹ̀ láìsí wàhálà. Ìgbà tó ku òpó nìkan ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ohun tí a ní lọ́wọ́: púlì oníirin kan tó ní píìnì tó ṣeé yọ, okùn ẹrù 13 mìlímítà, irin tí a dè mọ́ ìdí igi láti máa yí okùn mọ́ kí ẹrù má bàa sá mọ́ ẹni ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, àti sílíǹgì. Sílíǹgì ni okùn kúkúrú tó so púlì mọ́ ara igi. Òun ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ìpele 1: Ibi tí ìṣòro ti yọjú

Sílíǹgì òrùka la fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti rán pọ̀ láti ilé iṣẹ́, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2 bí a bá fà á gbọọrọ. Fún ẹ̀ka, ó dára gan-an: ẹ gbé e yí ẹ̀ka ká, ẹ ki ẹnu kan bọ inú ìkejì, ẹ so púlì kọ́, ó parí.

Lórí òpó tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ntímítà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àyíká òpó bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bíi 94 sẹ̀ntímítà lọ. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí sílíǹgì ti yí igi ká tán, ó ṣẹ́ku bíi mítà kan tó rọ̀ dòrò, púlì sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ké sókè pé, "Ẹ̀gbọ́n, púlì yẹn mà jìnnà sí ibi tí ẹ ti fẹ́ gé o."

A gé ègé kékeré kan láti wò ó. Ègé náà yí wálẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì, ó sì tún lọ sísàlẹ̀ dáadáa kí okùn tó mú un. Nígbà tó mú un, òpó igi mì jìgìjìgì, tòun ti ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Púlì gbá èèpo igi débi tí ó fi bó. A dá iṣẹ́ dúró.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nígbà tí ègé tí a fẹ́ gé bá wà lókè púlì, ẹ wọn okùn láti púlì dé ibi tí ẹ ti so ègé náà. Bí ó bá jẹ́ mítà 1, ègé náà máa ṣubú mítà 1 kó tó dé ọ̀gangan púlì, á sì tún ṣubú mítà 1 míì kí okùn tó le. Mítà 2 ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìwọ̀n tí sílíǹgì bá fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń fi kún ìṣubú. Mítà kan tó rọ̀ dòrò lára sílíǹgì wa, mítà méjì ló fi kún un.

Ẹ kíyè sí i pé sílíǹgì náà kò já, kò sì sún mọ́ àtijá. Agbára tí wọ́n kọ sára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju èyí tí iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ lọ fíìfíì. Bí ó ṣe jókòó sára igi ni kò dára. Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé báwo ni púlì yóò ṣe sún mọ́ igi tó, kí n tó bèèrè pé kìlò mélòó ni okùn lè gbé.

Ìpele 2: Ẹrù gan-an

Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ẹrù. Igi tútù la ń gé, omi sì wà nínú rẹ̀. Mítà oníhà mẹ́ta kan igi tútù la ń kà sí 1,000 kìlò. Àwọn igi kan fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn wúwo jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n iye yìí rọrùn láti fi ṣírò lórí igi, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tan ni. Fún ègé tó gùn ní mítà kan:

- òpó 30 sẹ̀ntímítà: nǹkan bíi 71 kìlò
- òpó 40 sẹ̀ntímítà: nǹkan bíi 126 kìlò
- òpó 60 sẹ̀ntímítà: nǹkan bíi 283 kìlò

Bí òpó bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ẹrù ń di. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, torí ojú kì í rí i bẹ́ẹ̀ láti òkè.

Púlì tún wá sọ ọ́ di méjì. Ẹrù ń fa okùn wálẹ̀ ní apá kan, ẹni ìsàlẹ̀ ń fà á wálẹ̀ ní apá kejì, sílíǹgì ló sì ń ru méjèèjì. Ègé 126 kìlò tó dúró jẹ́ẹ́ lórí okùn ti di bíi 252 lára sílíǹgì. A ò tíì mẹ́nu ba ìṣubú. Bí ègé bá já bọ́ tí ẹni ìsàlẹ̀ sì dá okùn dúró gbà-á, agbára tó bọ́ sára sílíǹgì lè di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Bó bá jẹ́ kí okùn sá díẹ̀ kó tó máa dí i lọ́wọ́, ó dín kù gan-an.

Nípa lébẹ́ẹ̀lì: ẹ wò ó bóyá iye tí okùn yóò já sí ni wọ́n kọ, tàbí iye tí wọ́n ní kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ iye àtijá, àwa máa ń pín in sí mẹ́wàá fún irú iṣẹ́ tí ègé ti ń já bọ́ yìí. Sílíǹgì tí yóò já ní 7,000 kìlò, 700 la kà á sí. Bí a bá wá kì í bọ ara rẹ̀ kó lè fún igi mọ́ra, ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ń lọ nínú agbára yẹn níbi tó ti tẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn náà kúrò.

Ìpinnu wa ni pé sílíǹgì gbọ́dọ̀ nípọn ju okùn ẹrù lọ, torí ìlọ́po méjì ẹrù ló ń dé bá a. Okùn ẹrù 13 mìlímítà, sílíǹgì 16 fún òkè, 19 fún ibi tí òpó ti sanra.

Ìpele 3: Ohun tí wọ́n fi hun ún

Poliẹ́sítà la mú. Kì í fà púpọ̀, èèpo igi kì í tètè hó o, ó sì tó nǹkan bíi 260 sẹ́ńtígíréèdì kó tó yọ́. Náílọ́ọ̀nù máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, púlì á sì máa fò sókè sódò. Dyneema lágbára, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 145 sí 150 ló ti ń yọ́, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ débi pé kókó tó mú dáadáa lórí poliẹ́sítà lè máa sún lórí rẹ̀. A fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò ti sí ìfirapá okùn kankan nítòsí.

Ìpele 4: Ìdánwò nílẹ̀

A wá kùkùté kan tó ga tó àyà, tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ntímítà, a sì so oríṣiríṣi sílíǹgì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi okùn fa púlì wálẹ̀, a fà á sí ọ̀tún, a fà á sí òsì, lẹ́yìn náà a jẹ́ kó rọ̀ pátápátá ká tó tún fà á. Fífa léraléra yìí ló ń tú àṣírí, torí bó ṣe ń rí lórí igi nìyẹn lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan.

*Sílíǹgì olójú méjì.* Ojú kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, gígùn rẹ̀ kò ṣeé yí padà. Ó ní ìṣòro kan náà pẹ̀lú ti òrùka: àfi kí ẹ ní èyí tó gùn ní ìwọ̀n òpó kọ̀ọ̀kan, òpó sì ń tín-ín-rín bí ẹ ṣe ń gòkè. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

*Whoopie.* Èyí ní ojú kan tí kò yí padà àti ojú kejì tí ẹ lè fà gùn tàbí kó kúrú, nítorí pé okùn kọjá nínú ara okùn. Bí ẹrù bá fà á, ara okùn á fún èyí tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, kò sì ní sún. Ó yára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò lè kúrú kọjá. Tiwa kò lè kúrú ju mítà 1.2 lọ. Lórí kùkùté 30, bíi 25 sẹ̀ntímítà ló ṣẹ́ kù, ìyẹn ṣeé fara mọ́. Lórí òpó 20 sẹ̀ntímítà, ó máa ju ìdajì mítà lọ, a sì tún padà sí ìṣòro Ìpele 1 nìyẹn. Ohun kejì ni pé bó bá rọ̀ tán, tí èèyàn fọwọ́ kàn án, ojú tó ń yí padà yẹn lè sún. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra á le kí ẹrù tó dé.

*Loopie.* Ọmọ ìyá whoopie ni, àmọ́ òrùka ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń ru ẹrù, nítorí náà ó lágbára dáadáa ní ìwọ̀n rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹ̀ka, mo sì ń lò ó níbẹ̀ títí di òní. Fún òpó, kò mọ́ igi lára tó bí mo ṣe fẹ́.

*Sílíǹgì olójú kan.* Ojú kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun kan, ìyókù rẹ̀ jẹ́ ìrù gbọọrọ. Ọ̀nà méjì la fi so ó. Àkọ́kọ́ ni timber hitch: ìrù yí igi ká, ó gba ìdí ojú, ó wá ń yí ara rẹ̀ ká nígbà márùn-ún ó kéré tán, kí yíyí náà sì tàn káàkiri ara igi. Bí a ṣe fà á wálẹ̀ tààrà, ó mú ṣinṣin. Nígbà tí a fà á sí apá òdì, ibi tó ti ń tú u sílẹ̀, ó ṣí. Kò sí iṣẹ́ òpó tí ẹrù kì í ti yí apá padà, torí náà a kò gbà á fún èyí.

Ọ̀nà kejì ni cow hitch, òun la mú. Púlì ti wà lójú sílíǹgì, ó ń kọ́ níwájú. Ẹ mú ìrù, ẹ gbé e yí igi ká gba ọ̀tún. Bó bá padà dé iwájú, ẹ jẹ́ kó kọjá lórí ẹsẹ̀ tó ti ojú wá. Kí ó wá ṣẹ́rí padà, kí ó yí igi ká gba òsì, kí ó sì wọ abẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fà á títí kò fi sí àyè fún ìka láàárín okùn àti èèpo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún fi ìrù yí ẹsẹ̀ tó fi padà yẹn ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á bọ inú rẹ̀, kí ó tì í pa. Ìdè kejì yìí ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dẹ̀ nígbà tí ẹrù bá kúrò. Láìsí i, lẹ́yìn tí a ti fà á tí a sì tú u sílẹ̀ léraléra, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtẹ́lẹwọ́. Pẹ̀lú rẹ̀, kò sún.

Púlì kò jìnnà sí igi ju nǹkan bí 20 sẹ̀ntímítà lọ, ì báà jẹ́ òpó 20, 30 tàbí 60. Sílíǹgì kan ṣoṣo bá gbogbo wọn mu, torí ìrù ló ń kúrú tàbí gùn, kì í ṣe ibi tí púlì wà. Bí a ṣe fà á sí ọ̀tún, fà á sí òsì, ó dúró.

Ìpele 5: Gígùn, ojú, àti owó

Cow hitch ń yí igi ká lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, àyíká igi lọ́nà méjì, kí ẹ fi mítà kan ó lé díẹ̀ kún un fún ìdè kejì àti ìrù. Òpó 30: 94 lọ́nà méjì jẹ́ 188, pẹ̀lú àfikún, mítà 3. Òpó 60: àyíká rẹ̀ tó 188, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 377, mítà 5. A ti gbìyànjú láti fi èyí tó gùn ní mítà 4 ṣe òpó 60. Ó yí igi ká tán, ṣùgbọ́n ìrù tó kù kò tó láti ta ìdè kejì, a sì ní láti sọ̀kalẹ̀ wá mú òmíràn.

Ojú náà ní ìwọ̀n. Bí ojú bá kéré jù fún ohun tó kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á ya síra, ibi tí wọ́n ti hun ún á sì máa fà ya. Ó kéré tán, kí ojú gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ohun tó kọ́. Tó bá di márùn-ún, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo púlì: ibi kékeré tí kì í yí ni ti sílíǹgì, àgbá ńlá tó ń yí ni ti okùn ẹrù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé e sódì.

A dán híhun ojú wò fúnra wa. Okùn oníhò tí wọ́n fi fọ́nrán 12 hun ni, èèyàn á ki ìrù bọ inú ara okùn náà padà. Gígùn ohun tó wọ inú ni gbogbo agbára rẹ̀. Fún Dyneema, òfin rẹ̀ ni ìlọ́po 72 ìnípọn okùn, èyí tó jẹ́ 864 mìlímítà fún okùn 12. A mọ̀ọ́mọ̀ ki 40 sẹ̀ntímítà péré bọ ọ̀kan láti wo ohun tó máa ṣe. A fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ fà á: ó mú díẹ̀, ó ń tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ìrù yọ jáde wọ́ọ́rọ́. Èyí tó gùn pé, tí a dín fọ́nrán ìrù rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kó má bàa ṣe ṣóńṣó nínú, tí a sì fi òwú rán ọrùn rẹ̀, kò mira. Síbẹ̀, kò ní lébẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà lórí iye tó lè gbé. Tiwa yẹn la fi ń gbé irinṣẹ́ sókè. Èyí tí yóò ru igi, a rà á ní híhun.

Ní ti owó, híhun ni ẹ ń san owó rẹ̀ ju okùn lọ. Olójú kan ló rọjú jù, torí ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti hun ún. Whoopie àti loopie wọ́n jù ú lọ. Èyí tó ní òrùka irin, tí okùn ẹrù ń gba inú rẹ̀ kọjá láìlo púlì, ló wọ́n jù, a kò sì nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ó dùn mọ́ mi pé èyí tó rọjú jù ló bá igi mu jù.

Ìpele 6: Lórí igi

1. A so sílíǹgì olójú kan mọ́ òpó, bí ọwọ́ kan sí abẹ́ ibi tí a fẹ́ gé. Bí a bá sún mọ́ ibi gígé jù, ayùn lè kan án. Bí a bá jìnnà jù, ìṣubú á pọ̀ sí i.
2. Níbi tí èèpo bá ń yọ̀, a fi í sí òkè kùkùté ẹ̀ka kan ká tó fà á le, kí kùkùté náà lè dá a dúró bó bá fẹ́ sún wálẹ̀.
3. Ègé àkọ́kọ́ kò ju 40 sẹ̀ntímítà ní gígùn lọ. Lórí òpó 30, ìyẹn jẹ́ bíi 28 kìlò. Òpó mì díẹ̀, ó sì dákẹ́.
4. Ẹni ìsàlẹ̀ kò dá okùn dúró lójijì mọ́. Ó ń jẹ́ kó sá, ó wá ń dí i díẹ̀díẹ̀ títí ègé fi gúnlẹ̀.
5. Lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, agungi fọwọ́ ti sílíǹgì láti abẹ́. Bó bá gbà kí ìka wọlé, ó tún un fà.

Bí òpó ṣe ń sanra la ń gé ègé kúrú sí i. Ní 60, 30 sẹ̀ntímítà péré la ń gé, ìyẹn sì ti tó 85 kìlò. Níbẹ̀ la ti pààrọ̀ 16 sí 19. Púlì kò gbá èèpo mọ́. Gbogbo òpó wálẹ̀, òrùlé àti ògiri wà bí a ṣe bá wọn.

Fún igi tí ẹ fẹ́ gé lẹ́ka lásán, tí yóò máa wà láàyè lọ, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sáàárín sílíǹgì àti èèpo. Cow hitch tó fún igi tó bẹ́ẹ̀ máa ń họ èèpo tútù.

Ìpele 7: Àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́

A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ oje igi kúrò, a sì sá wọn síbi tí oòrùn kò ti pa wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo jókòó, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ sílíǹgì kọ̀ọ̀kan láti ojú dé ìrù. Ohun tí mo ń wá ni fọ́nrán tó já, ibi tó le bíi pákó, ibi tó tín-ín-rín ju ìyókù lọ, àti ibi tó ń dán.

Sílíǹgì 16 ní ibì kan tó ń dán, kò gùn ju ìka kan lọ, nítòsí ìrù. Ó le lábẹ́ ọwọ́, àwọn fọ́nrán ibẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra. Kò sí ẹrù níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹrù ló ṣe é. Ìrù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdè kejì ló rọ̀ wálẹ̀ bá okùn ẹrù, okùn ẹrù sì ń fi ìsáré họ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ègé bá ń lọ sílẹ̀. Ooru ìfirapá yẹn ló yọ́ poliẹ́sítà.

A gé sílíǹgì náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa tún mú un lò. Ó dun ni, torí ìyókù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n lọ́la ibi tó yọ́ yẹn lè bọ́ sí ìdí kókó lórí òpó mìíràn tó tín-ín-rín ju èyí lọ. Ohun tí a yí padà ni pé ìrù kì í rọ̀ sílẹ̀ mọ́: a ń kì í bọ àárín okùn àti igi ní ẹ̀yìn òpó, ní òdìkejì púlì, agungi sì gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà níbẹ̀ kó tó ní kí ẹni ìsàlẹ̀ múra.